Ohun Tó Wà Nínú Agolo Bisikíìtì Lola

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pe ìyá arúgbó tí mo ń tọ́jú ní Lọlá kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Gbogbo ilé ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ọmọ, ọmọ ọmọ, títí kan fadá tó ń gbé oúnjẹ Olúwa wá fún un. Mo ní áà, Ọlọ́run ò gbàgbé mi, mo kúrò n'Íbàdàn, mo dé Daly City ní California, mo tún bá Lọlá pàdé. Ọmọ mi obìnrin ló fi mí rẹ́rìn-ín: "Mọ́mì, ìyá àgbà ni wọ́n ń pè ní lola ní Fílípìnì." Bàbá àgbà ni lolo. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi sì ń gbé ohùn mi sókè níparí bí ẹni ń pe ọmọ ìyá mi. Ìyá ò bá mi wí rí. Lọ́jọ́ tí mo wá sọ fún un pé Lọlá ń bẹ lédè tèmi náà, pé ọlá ló wà nínú rẹ̀, ó ní kí n má wulẹ̀ yí i padà.

2015 nìyẹn. Ẹni ọdún 87 ni ìyá, èmi sì ni wọ́n gbà láti máa tọ́jú rẹ̀ lóru. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ámẹ́ríkà mọ iṣẹ́ yìí. Òun la máa ń dọ́gbọ́n pè ní "iṣẹ́ ìlera" tá a bá ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kùrukùru ìlú yẹn kì í jẹ́ kéèyàn rí ojú títì, òtútù ibẹ̀ sì máa ń wọ egungun, nítorí náà inú ilé la máa ń wà, ẹ̀rọ amúlégbóná á máa kùn, tẹlifíṣàn á máa dá sọ̀rọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, bọ́tìnì ẹ̀wù òtútù rẹ̀ já. Mo béèrè abẹ́rẹ́. Ó nawọ́ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì fa agolo bisikíìtì aláwọ̀ búlúù kan jáde, èyí róbótó. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ agolo yẹn. Gbogbo wa la ti ṣí i rí nítorí bisikíìtì tá a bá abẹ́rẹ́ àti òwú níbẹ̀. Tèmi wá yí padà: abẹ́rẹ́ ni mo ń wá, ìwé ni mo bá.

Ìwé tó wà lókè pátápátá ti gbó débi pé ẹ̀rù bà mí láti fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà "e" inú rẹ̀ ti dí. Form 23 ni wọ́n ń pè é. Ìwé ìbúra ni. Lẹ́yìn tógun parí, sójà Fílípìnì kọ̀ọ̀kan ní láti búra nípa ọjọ́ tó wọṣẹ́ ológun, ọ̀gá tó wà lábẹ́ rẹ̀, ibi tó jà sí, àti ohun tó ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí àwọn ará Jàpáánì fi wà lórí ilẹ̀ wọn. Lolo, ọkọ Lola, kọ tirẹ̀ tán, ó buwọ́ lù ú. Kò lè mọ̀ pé àádọ́ta ọdún lé ni wọn yóò ṣì máa fi ìwé yẹn bi òun léèrè ọ̀rọ̀.

Ojú Lola ti ṣú, kò lè kàwé mọ́. Bó ṣe di iṣẹ́ mi nìyẹn, láàárín aago mẹ́wàá sí ọ̀gànjọ́, pé kí n máa yọ ìwé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n kà á fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì, òun á sì sọ ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Amẹ́ríkà ló ń ṣe ọ̀gá ní Fílípìnì láti ọdún 1898, nígbà tí Sípéènì yọwọ́ ńbẹ̀ tí Amẹ́ríkà sì san 20 mílíọ̀nù dọ́là fún wọn. Ní 1935 wọ́n fún àwọn ọmọ ìlú ní ìjọba abẹ́lé, pẹ̀lú ìlérí òmìnira lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 1941, Ààrẹ Roosevelt pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Fílípìnì bọ́ sábẹ́ Amẹ́ríkà. Àṣẹ ni o, kò sẹ́ni tó bi ọmọkùnrin kankan bóyá ó wù ú. Lẹ́yìn ogun, iye àwọn tí wọ́n gbà pé wọ́n sìn lábẹ́ àsíá Amẹ́ríkà pọ̀ gan-an, tá a bá ka àwọn gẹ̀rílà mọ́ ọn, ìyẹn àwọn tó ń bá Jàpáánì jà láti inú igbó.

Lolo pé ogún ọdún nígbà tó wà ní Bataan, ẹkùn kan ní Fílípìnì. Wọ́n jà níbẹ̀ láti oṣù Kìíní 1942 títí di ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, ebi ń pa wọ́n, ibà ń bá wọn jà, oògùn ti tán. Nǹkan bí 75,000 ọmọ ogun ló juwọ́ sílẹ̀, ọmọ Fílípìnì ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ará Jàpáánì wá fẹsẹ̀ lé wọn lọ́nà, nǹkan bíi 100 kìlómítà, láti Mariveles dé San Fernando, wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kó wọn dé Capas, wọ́n tún ní kí wọ́n rìn dé àgọ́ O'Donnell. Ẹni tó bá ṣubú, ìbọn tàbí ọ̀bẹ ẹnu ìbọn ló kù fún un.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Lola, ní Lubao, ìlú tí ọ̀nà yẹn gbà kọjá. Ó ní ìyá òun dáná ìrẹsì mọ́jú, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n ọn bí ẹni ń pọ́n ẹ̀kọ, wọ́n sì ń jù ú sí àwọn ọmọkùnrin náà bí wọ́n ti ń kọjá. Àwọn kan rí i gbá mú, àwọn kan ò lágbára àtibẹ̀rẹ̀. Mo bi í bóyá ibẹ̀ ló ti rí Lolo. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Anak," ó ní, ìyẹn ni "ọmọ mi", "tí mo bá rí i lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní fẹ́ ẹ. Gbogbo wọn ló ń rùn." Ẹ̀yìn ogun ni wọ́n pàdé, níbi ìgbéyàwó ẹlòmíràn. Lolo ti sá kúrò lójú ọ̀nà náà, obìnrin kan fún un ní aṣọ àgbẹ̀ wọ̀, ó wọ inú igbó, ó sì di gẹ̀rílà.

Èyí tó wà lábẹ́ Form 23 ni wọ́n gé láti inú ìwé ìròyìn, òun ló sì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan fúnra mi lọ́jọ́ tí mi ò bá níṣẹ́. Òfin ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1946 ló dá lé lórí. Rescission Act ni wọ́n ń pè é, òfin agbapadà. Omar Bradley, ọ̀gágun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ àwọn ajagun-fẹ̀yìntì nígbà náà, ti ṣírò rẹ̀ pé tí Amẹ́ríkà bá san gbogbo ẹ̀tọ́ tó tọ́ sí àwọn sójà Fílípìnì, yóò tó bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ó lé díẹ̀. Àwọn aṣòfin wo iye yẹn. Wọ́n ya 200 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Fílípìnì, wọ́n sì so gbólóhùn kan mọ́ ọn, èyí tí mo lè sọ lédè wa báyìí: iṣẹ́ ogun tí àwọn wọ̀nyí ṣe, a kò ní kà á sí iṣẹ́ ogun tó bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti àǹfààní.

Mo ka gbólóhùn yẹn láìmọye ìgbà. Kà á sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi ń ka owó, òun la fi ń kàwé, òun náà la fi ń ka èèyàn sí. Ká ní wọ́n sọ pé ẹ ò jà, ẹni tó jà á lè bínú, á fa ẹlẹ́rìí jáde. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ jà, a rí yín, a kò kà á. Kí lẹ fẹ́ fi ko ìyẹn lójú? Truman buwọ́ lu òfin náà, ó sì tún kọ̀wé tì í pé bí òun ṣe buwọ́ lù ú kò yọ Amẹ́ríkà kúrò nínú ojúṣe rẹ̀ sí àwọn akọni wọ̀nyí. Ó mọ̀, ó sì buwọ́ lù ú. Ohun tó ń ká mi lára jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn tó fara gbọgbẹ́ àti opó àwọn tó kú sógun kò lọ lọ́wọ́ òfo pátápátá. Fún dọ́là kan tí wọ́n bá san fún sójà Amẹ́ríkà, wọ́n á san sẹ́ǹtì 50 fún ọmọ Fílípìnì, àti fún opó rẹ̀ bákan náà. Àlàyé wọn ni pé nǹkan ò wọ́n ní Manila. Ó dáa, a gbọ́. Àmọ́ nígbà tí ọkùnrin náà kó wá sí California, tó ń san owó ilé California, sẹ́ǹtì 50 yẹn ló ṣì ń gbà. Ọdún 2000 ni òfin kan tó jẹ́ kí ẹni tó ń gbé l'Ámẹ́ríkà gba dọ́là rẹ̀ pé. Àwọn opó tún dúró di 2003.

Lolo kò gbọgbẹ́ lójú ogun, nítorí náà ààbọ̀ yẹn gan-an kò kàn án. Òfin ìwọ̀lú ọdún 1990 ló ṣílẹ̀kùn fún un: àwọn aṣòfin gbà kí àwọn sójà àtijọ́ wọ̀nyí di ọmọ Amẹ́ríkà. Ó dé ní 1992, ó ti pé àádọ́rin ọdún. Àwọn bàbá mẹ́rin ló jọ ń gbé yàrá kan ní San Francisco, wọ́n ń pín ìkòkò kan lò, wọ́n ń fi èyí tó bá ṣẹ́ kù ránṣẹ́ sílé. Ohun tí wọ́n ń gbà kì í ṣe owó ogun. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún arúgbó tí kò ní lọ́wọ́ ni, ẹni tó bá sì jáde kúrò l'Ámẹ́ríkà fún oṣù kan gbáko, wọ́n á dá a dúró. Ẹ rò ó wò: ìlú fún ọ ní ìwé ọmọ-onílùú nítorí pé o jagun fún un, ó wá ń fún ọ lóúnjẹ nítorí pé o tòṣì.

Ní 1997 àwọn bàbá náà so ara wọn mọ́ ère MacArthur, ọ̀gágun Amẹ́ríkà tó ṣáájú wọn lógun, ní Los Angeles pẹ̀lú ṣéènì. Lolo kò lọ, ó ní eékún ń dun òun. Fọ́tò rẹ̀ wà nínú agolo ṣá.

Òfin mìíràn dé ní 1999, ó ní ẹni tó bá fẹ́ padà sílé lè máa gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó ìrànwọ́ náà ní Fílípìnì. Ọ̀pọ̀ ló padà. Lolo bẹ̀rẹ̀ sí í dì ẹrù. Ẹnì kan wá ka òfin náà dópin fún un: lọ́jọ́ tó bá kú, owó náà bá a lọ, ìyàwó kò ní gba kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Lola ti dé sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà yẹn, ó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ó tú ẹrù. Lola ní ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Oṣù Kọkànlá 2008 ló kú, ẹni ọdún 86.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì 2009, Obama buwọ́ lu òfin ńlá tí wọ́n fi fẹ́ gbé ọrọ̀ ajé dìde. Nínú rẹ̀ ni ìpín tí Sẹ́nétọ̀ Daniel Inouye ti Hawaii jà fún wà: 198 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn sójà Fílípìnì tó ṣẹ́ kù. 15,000 dọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹni tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, 9,000 fún ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbà á ti gbà pé òun ò ní béèrè ohunkóhun mọ́ lórí iṣẹ́ ogun náà, yàtọ̀ sí àǹfààní tí òfin ti fún un tẹ́lẹ̀. Opó lè gba ti ọkọ rẹ̀, bí ọkọ bá ti kọ̀wé béèrè kó tó kú.

Ẹ ka oṣù rẹ̀ fúnra yín. Kò tó mẹ́rin.

Mi ò ní purọ́, 15,000 dọ́là kì í ṣe ẹ̀wà lójú ìdílé yẹn. Òrùlé ilé Lubao ń jò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka òfin náà fún Lola, kì í ṣe owó ló mẹ́nu bà. Ó ní: "Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé sójà ni wọ́n?" Mo wò ó. Wọ́n kọ ọ́. Òfin 2009 náà sọ ọ́ ní gbangba pé iṣẹ́ ogun náà jẹ́ iṣẹ́ ogun, fún ètò owó yẹn. Ó mi orí, ó ní kí n da ìwé náà padà sí ibi tó wà.

Àwọn tó wà láàyè náà kò rí i gbà tán. Ó lé ní 40,000 èèyàn tó béèrè, kò sì tó ìdajì wọn tí wọ́n fún, nǹkan bí 19,000 péré ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá Lolo gbé yàrá kan wà lára àwọn tí wọ́n dá padà. Bí ó ti rí ni pé wọ́n máa ń fi orúkọ ẹni tó béèrè ránṣẹ́ sí St. Louis, ní Missouri, níbi tí ìwé àwọn sójà wà, kí wọ́n wò ó bóyá ó wà nínú àkójọ orúkọ tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lẹ́yìn ogun. Ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tó ní àwọn ṣe gẹ̀rílà, nǹkan bí 260,000 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú mílíọ̀nù yẹn purọ́, ogun tó bá ti parí kì í wọ́n akọni. Ṣùgbọ́n gẹ̀rílà wo ló ń tọ́jú orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sílé nígbà tí àwọn ọ̀tá ń tú ilé kiri? Wọ́n ń sun ún ni, wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀.

Orúkọ Lolo wà níbẹ̀. Ó fi hàn mí pé orúkọ wíwà níbì kan kò túmọ̀ sí pé ẹ̀tọ́ wà níbẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan mo sọ fún Lola nípa àbúrò bàbá bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Bọ́mà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kó o lọ sógun ní Bọ́mà (Burma). Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, á wọ kóòtù tó ti tóbi jù fún un, á so mẹ́dà, àmì ẹ̀yẹ ológun, mọ́ àyà, á lọ síbi ìrántí àwọn ológun, á sì padà wá béèrè èkuru. A ò mọ ohun tí wọ́n san fún un, òun náà kì í sọ. Lola gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. "Ta ló bá jà?" Mo ní àwọn ará Jàpáánì. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní: "A jẹ́ pé ìdílé kan ni wá." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wọ yàrá rẹ̀ láì kanlẹ̀kùn.

Ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gbà mí lákòókò jù, torí mo bá wọn kún fọ́ọ̀mù. Lolo ti kọ̀wé pè é láti àwọn ọdún 1990. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti gbéyàwó, tó sì jẹ́ ará Fílípìnì, ìlà tirẹ̀ gùn ju ogún ọdún lọ. Bí ẹni tó kọ̀wé bá sì kú, ìwé ìpè náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé ìpè Lolo kú ní 2008. Ọgbọ́n tí ìyá náà dá ni pé nígbà tí òun náà di ọmọ Amẹ́ríkà, ó ti lọ kọ tirẹ̀ sílẹ̀, láìsọ fún ọkọ, kí ó má baà rò pé òun ń retí ikú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 2016 ni ìjọba Obama bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Parole, pé kí ọmọ àwọn sójà wọ̀nyí, tí ìwé ìpè wọn ti wọlé, wá dúró de àyè wọn níhìn-ín kí wọ́n lè tọ́jú òbí wọn. Opó sójà náà lè béèrè. A béèrè. Wọ́n ní ká fi hàn pé sójà ni ọkọ, ó wà nínú agolo. Wọ́n ní ká fi hàn pé ìyàwó rẹ̀ ni, ó wà nínú agolo, ìwé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ lẹ́tà kan yàtọ̀ nínú orúkọ bàbá. Ẹ mọ̀ ọ́n: àfidáfíìtì. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo wọn ń pè ní Ate, ló bá wa tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà dé ní 2018. Mo lọ bá wọn pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀. Mo ti ń gbọ́ "ọmọ, ọmọ", mo ń wá ọmọdékùnrin. Bàbá arúgbó ló ń bọ̀, ó ń ti ara rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ìjọba tó tẹ̀ lé e ti kéde pé àwọn fẹ́ fòpin sí ètò náà.

Ọdún 2018 yẹn náà ni mẹ́dà dé. Àwọn aṣòfin ti fohùn sí i, Obama sì buwọ́ lù ú ní oṣù Kejìlá 2016, pé kí gbogbo sójà Fílípìnì gba mẹ́dà wúrà ilé aṣòfin, wọ́n sì fi lọ́lẹ̀ ní Washington ní oṣù Kẹwàá 2017. Wúrà yẹn jẹ́ ẹyọ kan fún gbogbo wọn. Àwọn ìdílé ń gba èyí tí wọ́n fi idẹ rọ, tó jọ ọ́. Ní gbọ̀ngàn kan nítòsí wa ni wọ́n ti fún Lola ní ti ọkọ rẹ̀. Wọ́n pe orúkọ Lolo síta, wọ́n pè é dáadáa, gbogbo èèyàn dìde. Ìyá ò sunkún. Èmi ni mo ń sunkún bí ẹni wọ́n kú fún.

Nígbà tá a délé, mo fa agolo jáde, mo fẹ́ fi mẹ́dà náà síbẹ̀. Àpótí rẹ̀ tóbi, kò wọlé. Mo ní kí n yọ díẹ̀ lára ìwé àtijọ́ yẹn, a ṣáà ti lò wọ́n tán, mẹ́dà ló ṣe pàtàkì báyìí.

Lola ní kí n gbé mẹ́dà sórí tẹlifíṣàn. Kí n pa agolo dé, kí n dá a padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Kò sẹ́ni tó máa wá béèrè mẹ́dà," ó ní. "Ìwé ni wọ́n máa ń béèrè."

Mo dá a padà. Abẹ́rẹ́ tí mo wá lọ́jọ́ kìíní, àpò aṣọ àwọ̀sùn rẹ̀ ni mo padà rí i sí.